Idà balógun Bídà ni wọ́n pè é, ₦350,000: ṣé kí n rà á?

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó da owó mi sómi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí níbí mọ̀ pé fóònù ni mò ń tún ṣe l'Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ẹ dẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ́bọ̀ tó nihò láàárín láyé òyìnbó, rédíò àwọn bàbá wa, fìtílà, àwo tánganran, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìyàwó mi ń pè ní ààtàn. Sátidé tó kọjá mo lọ sọ́jà Kábà, ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù pè mí sí kọ̀rọ̀, ló bá tú aṣọ lára idà kan. Ó ní idà balógun Bídà, ìlú àwọn Tápà, ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, pé orí òkè ni wọ́n ti pa á, idà ẹ̀ ló kù. ₦350,000 ló pè é.

Èmi tí mo ti wo fídíò kan pé ìbọn Al Capone, olórí jàǹdùkú Chicago ayé àtijọ́, wọ́n tà á ní gbàǹjo lọ́dún 2021 ó lé ní $800,000, mo wá ń rò ó pé tí ìbọn jàǹdùkú bá lè tó yẹn, idà ẹni tó kó odindi ìlú ńkọ́? Ṣé kí n rà á? Àbí ohun burúkú wà nínú kéèyàn máa kó ẹrù èèyàn burúkú wọlé?

Pásítọ̀_Ẹ̀gbẹ̀
Àbúrò mi, má rà á. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wà lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni. O fẹ́ gbé idà tó ti pa àwọn baba ẹ wọlé kí àwọn ọmọ ẹ máa fi ṣeré? Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, àwọn tó ti ń pidán kó ìwé wọn jáde, wọ́n sun ún níná lójú gbogbo èèyàn. Wọn ò tà á o. Wọ́n sun ún.

Okun_Houston
@Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀ ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, mo dẹ̀ máa ń lọ wo gbàǹjo (mi ò kí ń rà, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ò jẹ́). Jẹ́ kí n sọ bí ọjà yẹn ṣe ń rìn. Ìbọn Capone tó o rí yẹn, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin fúnra wọn ló gbé e jáde, inú ilé bàbá wọn ló ti wá, ó láwọn fọ́tò, ó ní lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Lọ́dún 2012, wọ́n ta ìbọn tí wọ́n bá lára Bonnie Parker ní $264,000 àti ti Clyde Barrow ní $240,000. Àwọn méjèèjì yẹn ń ja báńkì lólè, ọlọ́pàá dènà dè wọ́n lọ́dún 1934, ọ̀gá àwọn tó dènà yẹn ló mú àwọn ìbọn náà lọ sílé. Ṣó o rí i? Ọwọ́ sí ọwọ́ sí ọwọ́, o lè ka gbogbo ẹni tó ti gbà á mú. Irin kọ́ ni wọ́n ń ra, ìtàn tó wà lára irin ni wọ́n ń ra, ìtàn yẹn dẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí.

Tìẹ yìí, ta ló gbà á lọ́wọ́ balógun náà? Ta ló jogún ẹ̀? Báwo ló ṣe dé ọwọ́ onítòkunbọ̀ ní Kábà? Tó bá ní "wọ́n ní" péré, ₦350,000 "wọ́n ní" lo fẹ́ rà yẹn.

Tísà_Mọ̀pà
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìtàn kíkọ́ báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án.

Balógun Bídà wo? Orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Ìlú wo ni wọ́n ti pa á? Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1800 títí dé 1897 ni Bídà fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, láyé Etsu (ọba Bídà) Masaba àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Owó ẹyọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, tí owó bá tán wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú èèyàn wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìlú wa fi sá gun òkè, tó bá jẹ́ pé ẹ ti gun àpáta ẹ̀yìn ìlú yín rí ẹ máa rí àfọ́kù ìkòkò àti ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lójú òkúta. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, gbéra láti Lọ́kọ́ja, wọ́n wọ Kábà, àwọn ọmọ ogun Bídà tó wà níbẹ̀ ti ká àgọ́ wọn lọ, wọ́n wá kọjá lọ gba Bídà fúnra ẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé torí tiwa ni wọ́n ṣe wá o, ọjà wọn ni wọ́n ń tún ṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e làwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn wọ Bìní, gbogbo wa la dẹ̀ mọ ohun tí wọ́n kó níbẹ̀.

Nítorí náà àwọn idà wà lóòótọ́, mi ò ní irọ́ ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin wá, àwọn ẹlẹ́ṣin kú, idà wọn bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ idà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ò lórúkọ, tí ò nílùú, idà lásán ni.

@Pásítọ̀ ẹ má bínú sí mi, ẹ ka Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 21 ẹsẹ 9. Idà Gòláyátì, wọ́n fi aṣọ wé e sẹ́yìn éfódì nílé àlùfáà, nígbà tí Dáfídì sì nílò idà, ó ní kò sí irú ẹ̀, kí wọ́n gbé e fóun. Àlùfáà ò sun ún.

Pásítọ̀_Ẹ̀gbẹ̀
Tísà, ẹ ti mú mi 😀 Àmọ́ Dáfídì ló pa Gòláyátì. Òun ló ni ín. Onítòkunbọ̀ ọjà Kábà ò pa ẹnì kankan.

Alágbẹ̀dẹ_Ìsánlú
Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Fi fọ́tò sí i. Èèkù ẹ̀ ni mo fẹ́ rí, má fi ojú idà hàn mí, ẹnikẹ́ni lè fi òrombó àti iyọ̀ mú irin dípàtà kó dà bíi ti ayé Nóà. Èèkù.

Lọ́yà_Kábà
Kẹ́ ẹ tó wo fọ́tò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Òfin wà lórí nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, Decree 77 ti 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, òfin kà á mọ́ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, kò dẹ̀ sẹ́ni tó láṣẹ láti máa rà á kiri àfi aṣojú tí àjọ yẹn fọwọ́ sí. Gbígbé e kọjá bọ́dà láìní ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn. Wò ó, àbúrò: tí idà yẹn bá jẹ́ òótọ́, òfin mú ẹ. Tó bá jẹ́ irọ́, gbájúẹ̀ mú ẹ. Ibo lo fẹ́ gbà?

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ̀ẹ̀n! Lọ́yà, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá o. Mo ti bẹ ọkùnrin náà, ó ti fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo ti gbé e síbí. @Alágbẹ̀dẹ ẹ wò ó.

Ọmọ_Pàtégi
Kẹ́ ẹ tó wo fọ́tò, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Tápà ni màmá mi, bàbá mi Ìyàgbà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, "balógun Bídà, balógun Bídà". Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọmọ ogun Ìbàdàn náà wá kó Ìyàgbà, kò sẹ́ni tó ń wá idà wọn rà. Àwọn bàbá wa náà ta ara wọn, ìlú yìí mú tòhún. Nígbà tí mo wà ní kékeré wọ́n máa ń pè mí ní ọmọ akónilẹ́rú ní sùkúù, èmi tí màmá mi ń ta ẹja gbígbẹ jẹ́jẹ́ lọ́jà Ìsánlú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹrù èèyàn burúkú jọ, ẹ kó tilé náà mọ́ ọn.

Tísà_Mọ̀pà
Òdodo ọ̀rọ̀ lo sọ, ọmọ mi. Ẹni tó bá ní Ìbàdàn ò dé Ìyàgbà kò ka ìtàn. Má bínú sí wọn ní sùkúù, bí mo bá wà níbẹ̀ ni, ẹgba ni.

Alágbẹ̀dẹ_Ìsánlú
Mo ti rí i. Ẹ fẹ fọ́tò kejì, ẹ wo ibi tí èèkù ti pàdé irin. Súkúrù méjì ló dè é. Ẹ wo orí súkúrù náà dáadáa. Ilà méjì tó gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú. Sítà nìyẹn! Irú èyí tó ń bẹ lẹ́yìn rédíò, tó ń bẹ lára fóònù tí ìwọ fúnra ẹ ń tú lójoojúmọ́!! Ọgbọ́n òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Phillips ni, bíi 1936 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, ilé iṣẹ́ mọ́tò ló kọ́kọ́ ń lò ó. Balógun tó kú ṣáájú 1897, báwo ló ṣe rí súkúrù sítà? Àwọn bàbá mi rọ idà, a kì í fi súkúrù dè é, ìrù irin ló máa ń wọnú igi, wọ́n á fi awọ wé e tàbí kí wọ́n fi ìṣó kàn án. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí, sípírìn mọ́tò Peugeot 404 ni ojú idà ẹ̀, mo mọ sípírìn Peugeot tí mo bá rí i lójú àlá.

Okun_Houston
😂😂😂 Alágbẹ̀dẹ!

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Yéè. Sítà. Èmi tí mo ń fi sítà jẹun. Ojú ẹ̀ rèé, mi ò rí i.

Okun_Houston
Má jẹ́ kójú tì ẹ́, àwọn tó jù ẹ́ lọ ti ṣubú sínú irú ẹ̀. Lọ́dún 1983, ìwé ìròyìn Stern ní Jámánì kéde pé àwọn ti rí ìwé tí Hitler ń kọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ẹ̀ sí, ó tó ọgọ́ta ìwé. Wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́sàn-án máàkì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀ròyìn tó bá wọn rà á, òun gan-an jẹ́ ẹni tí nǹkan àwọn Násì (ẹgbẹ́ Hitler) ti gba ọkàn ẹ̀, ó ti ra ọkọ̀ ojú omi Göring, olórí ọmọ ogun òfuurufú Hitler, ṣáájú ìgbà yẹn, gbèsè ọkọ̀ náà ń lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò ó, ó ní òótọ́ ni. Ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn onímọ̀ ìjọba Jámánì gbé pépà náà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kẹ́míkà tó ń mú pépà funfun wà nínú ẹ̀, èyí tí wọn ò tíì máa lò nígbà tí Hitler wà láyé. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé, ó yẹ kó jẹ́ A àti H, FH ló lẹ̀ mọ́ ọn, torí F àtijọ́ ti Jámánì jọ A. Gbogbo wọn wò ó, gbogbo wọn sọ pé Hitler ni. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Konrad Kujau, ó máa ń ta ẹrù Násì gbàrọgùdù fún àwọn tó ń kó o jọ. Lọ́dún 1985 òun àti akọ̀ròyìn náà jọ lọ sẹ́wọ̀n.

FH yẹn àti sítà yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìyá_Bùsọ́lá
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí nínú.

Nínú yàrá bàbá mi ní Ìyàrá, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe ti ọjà. Ìyá tó bí ìyá bàbá mi ni wọ́n fi san ìṣákọ́lẹ̀ lọ sí Bídà nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn tí ogun 1897 tú wọn ká ló rìn padà wálé pẹ̀lú àwọn mìíràn, irin náà ṣì wà ní kókósẹ̀ ẹ̀ kan, wọ́n ti já ṣéènì tó so ó mọ́ èkejì àmọ́ wọn ò rí ti ọrùn ẹsẹ̀ já. Alágbẹ̀dẹ ilé wa ló fi ayùn irin rẹ́ ẹ. Ojú ibi tó ti rẹ́ ẹ ṣì wà, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á ó mú díẹ̀. Bàbá mi máa ń jẹ́ ká fọwọ́ kàn án lọ́dún tuntun, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn gbé e lé wa lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà ní bíi ọmọ ọdún mẹ́wàá mo fẹ́ fi sẹ́sẹ̀ ara mi, bí ọmọdé ṣe ń ṣe. Kò wọlé. Ọwọ́ mi ló wọ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi bí ẹni tí wọ́n fi so ṣe kéré tó.

Ọdún kẹta rèé, ọkùnrin kan wá láti Àbújá nínú jíìpù, ẹnì kan ló júwe wa fún un. Ó gbé mílíọ̀nù méjì náírà sórí tábìlì. Ó wá ń bi bàbá mi: "Etsu wo ló ni ín? Ṣé ti Masaba ni? Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti Masaba ni?" Ó ní tó bá ti ní orúkọ ọba lára, òun mọ ẹni tó máa rà á lókè òkun. Bàbá mi ní kó jókòó, ó fún un lómi, ó ní: "Ẹni tó wọ irin yìí lórúkọ. O ti bi mí ní orúkọ ẹni tó dè é, ìwọ ò bi mí ní orúkọ ọmọ tí wọ́n dè." Ọkùnrin náà dákẹ́. Kò dẹ̀ bèèrè, o, títí tó fi kó owó ẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ ìyá wa síbí, tilé ni.

Ọmọ_Pàtégi
Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Mi ò ní nǹkan míì láti sọ.

Okun_Houston
Mọ̀mí, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí níbí gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń ta nǹkan apààyàn wà níbí, lẹ́tà wọn, àwòrán tí wọ́n yà lẹ́wọ̀n, irun orí wọn pàápàá! Láti 2001 ni eBay ti ní àwọn ò gbà á lórí ọjà àwọn mọ́, torí àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n pa ń sunkún pé ẹni tó pa ọmọ àwọn ti di olókìkí. Àmọ́ ìgbà kan wà tí wọ́n yí i padà. Ọkùnrin kan wà, Ted Kaczynski, ó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn nínú létà àti páálí, ó pa èèyàn mẹ́ta. Lọ́dún 2011 ìjọba ta àwọn ẹrù ẹ̀ ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé tó kọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀, aṣọ ẹ̀ tó ní ìborí àti jígí ojú ẹ̀ nìkan $20,025. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi $232,000, àwọn tó ṣe léṣe ni wọ́n kó owó náà fún.

Lọ́yà_Kábà
Èyí tí mo mọ̀ ni ti 2019 ní Munich. Wọ́n ń ta ẹrù Hitler ní gbàǹjo, fìlà gíga ẹ̀ wà níbẹ̀. Oníṣòwò kan tí wọ́n bí ní Lẹ́bánónì, Abdallah Chatila, ó lọ ra fìlà náà €50,000 àti àwọn nǹkan mìíràn, gbogbo ẹ̀ bíi €600,000, kí ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn Hitler má bàa tẹ̀ ẹ́. Kò gbé e sílé o, ó fún àjọ àwọn Júù, ó wá dé ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù. Tẹ́ ẹ bá bi mí, rírà tó láǹfààní nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó tà á ṣì jẹ owó ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Ìsánlú
Èmi ò ní €600,000. Mo ní ayùn irin.

Pásítọ̀_Ẹ̀gbẹ̀
@Ìyá_Bùsọ́lá, mo ti sọ pé kí wọ́n sun irú nǹkan báyìí níná. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lórí ti yín. Ẹ gbà mí láyè kí n wá wò ó lọ́jọ́ kan.

Ìyá_Bùsọ́lá
Ẹ máa bọ̀, Pásítọ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, bàbá kì í pẹ́ sùn. Ẹ má gbé kámẹ́rà dání.

Tísà_Mọ̀pà
Ìyá Bùsọ́lá, ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi dátì sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Lọ́kọ́ja nítòsí yìí, Émíà Kánò tí òyìnbó yọ lóyè, Aliyu, ibẹ̀ ni wọ́n kó o wá, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1926. Ẹ wo iye nǹkan ọwọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tó ti máa fọ́n ká sílé àwọn èèyàn láìsí ìwé kankan, kí ọmọ-ọmọ tó wá tà á fún alájàpá bí irin lásán.

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ti gbọ́ dáadáa. Mo padà lọ sọ́jà Kábà lánàá, torí àyà mi ò balẹ̀. Mo ní ọ̀gá, sítà ló wà lára idà yín. Ó wò mí, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ súkúrù ni. Mo ní ojú idà ńkọ́, sípírìn Peugeot ni wọ́n ní. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní alágbẹ̀dẹ. Ló bá já a sí ₦120,000. Mo yíjú, ó pè mí padà, ₦40,000. Mo ń lọ, ó ní kí n mú ₦15,000 wá, kí n kúkú máa fi gé koríko. Mo rẹ́rìn-ín títí dé ibi tí mo gbé ọ̀kadà sí. Ìyàwó mi ní òun á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Okun_Houston
₦15,000 ò burú fún sípírìn 404 o, àwọn mẹkáníìkì á rà á lọ́wọ́ ẹ.

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́. Mo padà wá torí èyí ò ṣeé fi sílẹ̀. Ní alẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta símẹ́ǹtì ní Ìyàmọyẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ó ní wọ́n fẹ́ ta nǹkan ńlá fóun, ṣé mo mọ iye tí wọ́n ń ta idà Lugard, pé èyí tó kó sídìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àsíá sókè ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 1900. ₦500,000. Mo fẹ fọ́tò náà.

Alágbẹ̀dẹ_Ìsánlú
Má sọ fún mi.

Ọmọ_Gbẹ̀dẹ̀
Súkúrù méjì. Sítà. Ọ̀kan ṣì ń já bọ́ bí mo ṣe rí i lọ́jà.